Èèpo Dúdú Orí Ilẹ̀ Niamey Kò Tíì Kú

Bí òjò mélòó kan bá ti rọ̀ sórí ilẹ̀ yanrìn tí ẹsẹ̀ àti táyà kò yọ lẹ́nu, yálà ní ìta Bobiel ní Niamey ni o, tàbí lórí àwọn òkè pẹrẹsẹ ẹ̀yìn ìlú náà, ojú ilẹ̀ ọ̀hún á sé, á sì ní èèpo tí kò nípọn ju mìlímítà díẹ̀ lọ. Ibì kan á pọ́n, ibòmíràn á dúdú bí ẹni pé wọ́n dáná sun ún. Èyí tó dúdú yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wò tí wọ́n á ní ilẹ̀ náà ti kú. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Èyí tó dúdú gan-an ló wà láàyè, ó sì ń ṣe iṣẹ́ fún ará oko àti ará ìlú láìgba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àlígì ló ń gbé inú rẹ̀. Ti inú omi ni a mọ̀ jù, èyí tó ń mú ẹnu kànga yọ̀. Àwọn obìnrin Kanembu létí adágún Chad tiẹ̀ ń kó irú kan, wọ́n ń sá a gbẹ, wọ́n sì ń fi í se ọbẹ̀. Dihé ni wọ́n ń pè é. Ti inú ilẹ̀ kò hàn sójú tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn níbi tí ilẹ̀ ti ń gbẹ ni sayanobakitéríà, tí àwọn onímọ̀ òde òní kà mọ́ bakitéríà, àmọ́ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn wá oúnjẹ gẹ́gẹ́ bí ewéko. Fọ́nrán tín-ín-rín ni Microcoleus, ọ̀kan lára wọn. Ọ̀pọ̀ fọ́nrán máa ń wà pọ̀ nínú àpò kan ṣoṣo tí oje rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ hóró yanrìn. Bí omi bá kàn án, fọ́nrán á wọ́ jáde lọ sókè láti wá ìmọ́lẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ń gbẹ, á tún padà sísàlẹ̀, á sì fi oje àti òfìfo àpò sílẹ̀ láàárín yanrìn. Ohun tó fi sílẹ̀ yìí ló ń so hóró pọ̀ mọ́ hóró. Ní ti Scytonema, òmíràn lára wọn, ó máa ń ṣe aró kan tó ń gbà á lọ́wọ́ oòrùn, irú aró bẹ́ẹ̀ sì wà lára ohun tó ń sọ èèpo di dúdú. Òjò bíi 550 mìlímítà ni Niamey ń rí lọ́dún, láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án ló sì ń rọ̀ jù. Ní gbogbo oṣù tó kù, àlígì á gbẹ háú, kò sì ní kú. Ní 1941, Charles Lipman, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ròyìn pé Nostoc, sayanobakitéríà mìíràn, tó ti gbẹ sínú àkójọ ewéko fún ọdún 87 tún jí nígbà tí omi kàn án.

Afẹ́fẹ́ kún fún náítírójìn, ṣùgbọ́n jéró kò lè mú un ní tààrà. Àfi kó ti ọwọ́ ẹ̀dá mìíràn kọjá, tàbí kí àgbẹ̀ ra ajílẹ̀. Onímọ̀ kan, Oumarou Malam Issa, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ èèpo ilẹ̀ gbígbẹ láti Niger wò, wọ́n sì ròyìn ní 2001 pé bí omi bá kàn án, ó ń mú náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́. Ẹnìkan lè ní, kí ni ohun tó kéré tó báyìí fẹ́ mú wá? Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fádìẹ. Ìṣirò kan tó jáde ní 2012 ní irú àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí, pẹ̀lú èyí tó ń gbé ara àpáta àti èèpo igi, ń mú náítírójìn tó mílíọ̀nù 49 tọ́ọ̀nù lọ́dún kárí ayé, ìyẹn bí ìdajì gbogbo èyí tí ẹ̀dá abẹ̀mí ń mú lórí ilẹ̀. Ìṣirò lásán ni, mo gbà. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ dànù, yóò ṣì pọ̀.

Ti eruku ló kan ará ìlú jù. Apá kan nínú eruku ọyẹ́ tó ń bo Niamey títí dé Ìbàdàn wá láti Bodélé ní Chad, níbi tí adágún ńlá àtijọ́ kan ti gbẹ. Ìkarawun àlígì tó ti kú láti ayébáyé ló sì pọ̀ nínú rẹ̀. Eruku tí ilẹ̀ ibí fúnra rẹ̀ ń tú jáde tún wà, èyí tí àlígì tó wà láàyè ń dì mú. Àwọn ará China ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀. Irú Nostoc kan wà tí wọ́n fẹ́ràn láti máa jẹ. Àwọn tó ń wá a fi irin ha pápá oko títí yanrìn fi ń fẹ́, ìjọba sì fòfin de kíkó àti títà rẹ̀ ní 2000.

Àtakò tó lágbára jù, ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ ló ti wá: èèpo ilẹ̀ kì í jẹ́ kí omi wọlé, ó sàn ká fọ́ ọ. Òótọ́ ni pé omi ń ṣàn lórí rẹ̀, tòun ti àlígì inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò ló kọ́kọ́ ń dí ilẹ̀, nígbà tí ẹ̀kán rẹ̀ bá fọ́ iyẹ̀pẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Ilẹ̀ tí kò ní àlígì kankan náà á sé bákan náà, afẹ́fẹ́ á sì tún máa gbé e lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ibo ni omi tó ṣàn náà ń lọ? Lórí àwọn òkè pẹrẹsẹ ẹ̀bá Niamey, igbó wà ní ìlà-ìlà: ìlà igi, ìlà ilẹ̀ gbalasa, ìlà igi. Omi tí ilẹ̀ gbalasa kọ̀ ni igi ń mu, òjò tó rọ̀ sórí igi nìkan kò lè tó o. Àwọn àgbẹ̀ Illéla, ní Niger, tó lọ wo oko ní Yatenga, ní Burkina Faso, ní 1989, irú ọgbọ́n yìí ni wọ́n mú bọ̀ wálé. Wọ́n ń gbẹ́ ihò kéékèèké sórí ilẹ̀ tó ti le, tassa ni Hausa ń pè é. Wọ́n ń da ìgbẹ́ ẹran sí i, wọ́n sì ń gbin jéró. Wọn kì í fọ́ gbogbo ilẹ̀. Ààyè tó wà láàárín ihò sí ihò ni wọ́n fi sílẹ̀ kó lè máa da omi sínú ihò. Nítorí náà, àwọn tó ń fi tassa jà fún fífọ́ èèpo kò tíì wò ó dáadáa.

Ìmọ́tótó ni àtakò kejì, èyí tí Yorùbá kò ní fi ṣeré, nítorí ilé tí wọn kò gbá láàárọ̀ kì í ṣe ilé ọmọlúwàbí. Kò sẹ́ni tó ní ká má gbá iwájú ilé, ibi tí ọmọdé ń ṣeré tí àgbà ń jókòó sí. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò ni mò ń sọ, èyí tí a ń gbá tí a sì ń fi katapílà ha láìnídìí. Èèpo tí a bá ha báyìí kì í fi òjò kan ṣoṣo padà, ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilẹ̀ ní Bobiel tí ẹ kò tíì ṣetán àtikọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí èèpo rẹ̀ wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ tí ẹ fẹ́ fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀.