OLÚMÌRÌN, OMI TÍ KÌ Í GBẸ! KÍ LÓ WÀ NÍNÚ IGBÓ Ẹ̀RÌN-ÌJẸ̀ṢÀ?

Ẹni tó bá ti gbé Ìkòyí-Ilé rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò ní í fi omi ṣòfò. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni. Tí ọyẹ́ bá mú, odò kéékèèké á fà, omi kànga á di ẹrẹ̀. Bí wọ́n bá wá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé omi kan ń já bọ́ láti orí àpáta tọ̀sán-tòru, tẹ̀ẹ̀rùn-tòjò, ṣé kò ní í ní irọ́ ni?

Òótọ́ ni o! Olúmìrìn lorúkọ rẹ̀, Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ló wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Láti Ìkòyí-Ilé, èèyàn á dé Ògbómọ̀ṣọ́, á gba Òṣogbo dé Iléṣà, á wá tẹ̀ síwájú lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ kó tó yà. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà tàbí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá dáwó háyà bọ́ọ̀sì, ìdájí ni kí wọ́n gbéra, kí ilẹ̀ má baà ṣú mọ́ wọn lórí òkè.

ÌPELE MÉJE

Omi yìí kì í já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìpele méje ló ní, ọ̀kan lórí èkejì bí àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Á ya lulẹ̀ bí ọ̀ṣọ̀rọ̀, á sinmi díẹ̀, á tún já. Ariwo rẹ̀ lèèyàn á kọ́kọ́ gbọ́ nínú igbó kí ojú tó rí i. Téèyàn bá sún mọ́ ọn, omi á ti máa fọ́n sí i lójú, aṣọ á rin gbindin láìwọ odò. Ó sì tutù, àfi bíi pé inú fìríìjì ni wọ́n ti gbé e jáde!

Ìpele kìn-ín-ní kò le. Ìyá àgbà tó bá rọra rìn á débẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń dúró sí. Láti ìpele kejì lọ sókè, ọ̀rọ̀ di ká di gbòǹgbò àti òkúta mú.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Ẹ̀rìn ni pé Akínlà, ọmọbìnrin kan nínú ìdílé Odùduwà, ló kó àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò ní Ifẹ̀ wá tẹ ìlú náà dó. Nígbà tí wọ́n rí omi yìí, ẹ̀rù bà wọ́n. Wọ́n ní Olúwa mìíràn rèé! Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá, wọ́n sì sọ ọ́ di ohun ìbọ.

Ẹ MÁ FI ṢERÉ O!

Àpáta ibẹ̀ máa ń yọ̀ bí ilá, pàápàá lójò. Sálúbàtà kọ́ ni bàtà ibẹ̀. Ìró gígùn lè kọ́ni lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ti mutí, kó jókòó sísàlẹ̀. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, kí kálukú sọ̀ kalẹ̀ kíá. Ní ọjọ́ 19, oṣù kẹta, ọdún 2017, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ gbafẹ́ nídìí irú omi bẹ́ẹ̀ ní Kintampo, nílẹ̀ Gánà. Ìjì òjò dé, igi ńlá kan wó lù wọ́n. Àwọn tó kú lé ní 15.

KÍ LÓ DÉ TÍ KÌ Í GBẸ?

Igi tó yẹ ká ṣọ́ra fún nínú ìjì náà ló ń bọ́ omi. Bí òjò bá rọ̀ sórí òkè tí igbó bò, ewé ló ń kọ́kọ́ gbà á. Ilẹ̀ tí gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà ti mú rọ̀ á fà á mu bíi kànrìnkàn, á wá máa fún odò díẹ̀díẹ̀ títí dé ẹ̀ẹ̀rùn. Ibi tí wọ́n bá ti gé igi tán, òjò á ya lọ lẹ́ẹ̀kan náà, á gbé erùpẹ̀ dání. Kí oṣù kìn-ín-ní tó dé, odò á ti di ojú ọ̀nà.

Ẹ̀yin tó ń ta èédú, ẹ̀yin tó ń figi yan gàrí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Òótọ́ ni pé òjò ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà pọ̀ ju ti ọ̀dàn lọ. Kò sì sẹ́ni tó ní kí ebi máa pa yín. Ṣùgbọ́n igi etí odò kọ́ ni ká máa sun. Ẹni tó bá lọ gbádùn Olúmìrìn, bó bá padà délé, kó lọ wo igi etí odò tirẹ̀, kí àáké tó débẹ̀.