Òjò, Olú àti Tata inú Oko Ẹ̀gẹ́

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, àgbẹ̀ tí ó bá jí lọ sí oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lè bá ohun ìyanu pàdé. Yóò rí tata aláràbarà wọ̀nnì, tí wọ́n ti ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́, ní ṣóńṣó igi: wọ́n fi ẹsẹ̀ di ẹ̀ka mú gírígírí, orí wọn kọ sí òkè, wọ́n sì ti kú. Kì í ṣe oògùn ẹnikẹ́ni ni ó pa wọ́n.

Àrùn ni. Ohun tí ń fà á jẹ́ ìbátan olú inú igbó. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Entomophaga grylli. Hóró rẹ̀ kéré ju eruku lọ. Bí ó bá bà lé tata lára ní àkókò ọ̀rinrin, yóò hù, yóò gún awọ rẹ̀ wọlé, yóò sì máa jẹ ẹ́ láti inú wá. Nígbà tí ikú bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tata náà yóò gun òkè, láti ibẹ̀ ni hóró titun sì ti ń já bọ́ sára àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ àti sí ilẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ má ṣe ṣa òkú wọ̀nyí jọ láti sun. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Iṣẹ́ yín ni wọ́n ń ṣe.

Ṣùgbọ́n ní ìgbà ọyẹ́, nígbà tí ètè ènìyàn pàápàá ń là, olú yìí kò lágbára. Àsìkò náà gan-an ni àwọn ọmọ tata, tí wọ́n jáde láti inú ẹyin ní oṣù Ọ̀wàrà àti Bélú, ń dàgbà, tí ewéko tútù sì ṣọ̀wọ́n. Òjò náà kò sì gbè sẹ́yìn wa nìkan, nítorí ilẹ̀ tútù a máa dá ẹyin tata sí, èyí tí ó gbẹ jù a sì máa run ún.

Láàrin 1989 àti 2002, àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí IITA, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ṣiṣẹ́ lórí olú mìíràn, Metarhizium acridum, tí a rí lára tata ní ilẹ̀ Niger. Wọ́n po hóró rẹ̀ mọ́ epo dípò omi, ó sì lè ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Green Muscle ni wọ́n pe oògùn náà. Kì í pa tata lójú ẹsẹ̀ bí májèlé. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Eṣú tí ó bá ní àrùn náà a tilẹ̀ máa yá oòrùn kí ara rẹ̀ lè gbóná, èyí sì ń fà ikú rẹ̀ sẹ́yìn.

Ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rà ní ọkọ́ lọ́wọ́. Ní oṣù Ẹrẹ́nà àti Igbe, àwọn abo tata a máa kó ara wọn jọ pọ̀ láti yé ẹyin sí ojú kan lábẹ́ òjìji, pàápàá lábẹ́ ewé tí àwọn kan ń pè ní Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní Awólọ́wọ̀. Ẹ sàmì sí ibẹ̀. Kí òjò tó di púpọ̀, ẹ fi ọkọ́ tú ilẹ̀ náà kí oòrùn lè gbẹ ẹyin. Kí gbogbo ará àdúgbò sì jùmọ̀ ṣe é, nítorí tata tí ó dàgbà nínú oko aládùúgbò kò ní í pẹ́ dé tiyín.