Orúkọ tí ó yẹ Àdó Abẹ́ Ilẹ̀

Orúkọ tí a fún ohun ìjà lè dà bí ohun kékeré, àfi bí ó bá di ọ̀rọ̀ òfin. Ní ọdún 1997 ni àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí Àdéhùn Ottawa, èyí tí ó ka ṣíṣe, lílò àti títọ́jú àdó abẹ́ ilẹ̀ tí ó ń pa ènìyàn léèwọ̀. Fínlándì wọ inú rẹ̀ ní ọdún 2012, ó sì ba àdó tí ó lé ní mílíọ̀nù kan jẹ́. Ṣùgbọ́n Rọ́ṣíà gbógun wọ Yukiréènì ní ọdún 2022, èrò sì yí padà. Ní ọdún 2025, Fínlándì, Ẹstóníà, Látífíà, Lituéníà àti Pólándì fi ìwé ìyọkúrò wọn sílẹ̀.

Àwọn tí ó fara mọ́ ìyọkúrò náà ní ààlà Fínlándì àti Rọ́ṣíà gùn ju kìlómítà 1,300 lọ, ọmọ ogun nìkan kò sì lè ṣọ́ ọ tán. Àwọn alátakò fèsì pé àdó kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọmọdé, kò sì mọ̀ bí ogun bá parí. Ogun abẹ́lé Mòsáńbíìkì parí ní ọdún 1992. Ọdún 2015 ni a tó kéde pé ilẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Báwo ni atúmọ̀ yóò ṣe gbé àríyànjiyàn yìí kalẹ̀? “Àdó olóró abẹ́ ilẹ̀” tí a sábà ń gbọ́ kò tó. Ibi tí àdó wà ni ó sọ. Kò sọ ohun tí ó ń mú un bú. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni òfin ti pààlà. Èyí tí ó ń bú nítorí pé ènìyàn tẹ̀ ẹ́, fara kàn án tàbí sún mọ́ ọn ni èèwọ̀. Èyí tí a ṣe fún ọkọ̀, àti èyí tí ọmọ ogun fúnra rẹ̀ ń tan láti òkèèrè, kò sí lára rẹ̀.

Nítorí náà, a dábàá “àdó àfarakànbú” fún ti àkọ́kọ́, “àdó afọ́kọ̀” fún ìkejì, àti “àdó àfọwọ́tan” fún ìkẹta. Ìyàtọ̀ yìí kàn wá nílé pẹ̀lú. Nàìjíríà wọ inú àdéhùn náà ní ọdún 2001. Àdó àtọwọ́dá tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ń rì mọ́lẹ̀ ní Borno, bí ẹsẹ̀ ènìyàn bá lè mú un bú, àfarakànbú ni, bí kò tilẹ̀ ti ilé-iṣẹ́ kankan jáde.

Ní ti mímú wọn kúrò, “ìhú àdó” lè ṣini lọ́nà. Òṣìṣẹ́ a máa fi ẹ̀rọ tí ń wá irin wá a, a sì sábà máa mú un bú níbi tí ó wà; kì í hú u bí iṣu. “Ìfọlẹ̀mọ́” ni a yàn, nítorí ète iṣẹ́ náà ni láti dá ilẹ̀ padà fún àgbẹ̀ tí ó ni ín.