Oyè àti Àpáta: Bí Ìkẹ̀rẹ́ Ṣe Di Ìlú Ògògà

Bí àjèjì bá gba ìlú, ohun méjì ni ó wà níwájú rẹ̀: oyè tí a fi ń ṣàkóso ènìyàn, àti ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn náà ń bọ. Ẹni tí ó gba èkínní lè má rí èkejì gbà. Ìtàn Ìkẹ̀rẹ́ ní Èkìtì fi èyí hàn gbangba.

Àwọn àgbà sọ pé Olúkẹ̀rẹ́ ni ó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀, tí ó sì ń bọ Olósùnta, àpáta ńlá tí ìlú gbà pé ó jẹ́ odi àti aláàbò wọn. Lẹ́yìn náà ni ọdẹ kan, ọmọ ọba Ìbíní, dé. Agbára Ìbíní ti ń nà dé ilẹ̀ Èkìtì, pàápàá láti ìgbà Ọba Ewuare, ní nǹkan bí 1440 sí 1473. Àlejò náà di alágbára, ó gba àkóso, ìran rẹ̀ sì ń jẹ ọba pẹ̀lú orúkọ oyè Ògògà.

Ṣùgbọ́n a kò lé Olúkẹ̀rẹ́ kúrò nílùú, a kò sì gba òrìṣà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ìdílé rẹ̀ ni ìsìn Olósùnta wà. Ìdí èyí kò jìnnà: àlejò lè mọ ogun jà, kí ó má mọ bí a ti í tu ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ lójú. Bí ó bá lé àwòrò, ta ni yóò bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀?

Irú èyí ṣẹlẹ̀ níbòmíràn pẹ̀lú. Ní Burma, ní ìhà ìlà oòrùn ayé, ìjọba Pagan, tí àwọn ọba rẹ̀ ń ṣe ẹ̀sìn Buddha, wó ní 1287 lẹ́yìn ìkọlù àwọn Mongol. Oyè bọ́, ẹ̀sìn kò bọ́. Àwọn tí ó jọba lẹ́yìn náà tẹ̀lé ẹ̀sìn yẹn, ilé ìsìn tí ó lé ní 2,000 sì wà ní Pagan di òní.

Nígbà tí Òyìnbó dé Ìkẹ̀rẹ́, Ògògà ni wọ́n bá lórí ìtẹ́. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ìpàdé ọba náà pẹ̀lú Captain Ambrose sára ilẹ̀kùn ààfin. Ní 1924 a gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ó wà títí di òní ní British Museum. Ilẹ̀kùn ṣe é gbé lọ. Àpáta kò ṣe é gbé.

Àríyànjiyàn lórí ipò méjèèjì ṣì ń wáyé láyé òde òní. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá sí i, kí ó rántí pé bí a bá fi ìtàn kan pa èkejì, ìlú ni a pa lára.