Kì í ṣe gbogbo ikọ́ ni òtútù ń fà

Àwa pẹ̀lú ti fún ọmọ wa ní àgbo ikọ́ títí kí a tó mọ̀ pé eruku ọyẹ́ ni ara rẹ̀ kọ̀. Bí ọmọ bá ń sín, tí ojú ń yún un, tí ara rẹ̀ kò gbóná, ẹ fura. Ẹ fi aṣọ tútù nu ilé dípò gbígbálẹ̀.

Ara ọmọ mìíràn kọ ẹ̀pà, kúlíkúlí tàbí ẹyin. Bí ètè tàbí ahọ́n rẹ̀ bá wú lẹ́yìn oúnjẹ, tí mímí sì nira, ẹ má ṣe rọ epo sí i lẹ́nu. Ó lè pa á. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, ìbáà ṣe òru.