Ìlọ́ra Kọ̀ǹpútà Alágbèéká Kékeré: Ohun tí ó ń Fà á àti Ọ̀rọ̀ tí ó Yẹ kí a Fi Pè é

1. Ìfáárà

Orúkọ tí ó gbilẹ̀ láàárín àwọn Yorùbá fún kọ̀ǹpútà ni ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá. Orúkọ náà dùn-ún gbọ́, ó sì rọrùn-ún rántí, ṣùgbọ́n ó gbé ìṣòro kan ka iwájú olùkọ́ àti ògbufọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé yíyára ni ìwà ẹ̀rọ yìí, kí ni a ó wí nípa kọ̀ǹpútà alágbèéká kékeré tí a tàn, tí ó ń gba ìṣẹ́jú púpọ̀ kí ó tó ṣe tán láti gba iṣẹ́, tí ó sì ń dúró sójú kan nígbà tí a bá ṣí ìwé mẹ́ta papọ̀?

Ìdáhùn tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ‘ọpọlọ rẹ̀ kò mú’ tàbí pé ‘ìrántí rẹ̀ kò tó’. Irú ìdáhùn báyìí kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò tọ́ka sí ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pè. Ẹ̀rọ lè lọ́ra, ó lè máa dúró, ó sì lè dẹwọ́. Oògùn ọ̀kan kì í wo èkejì sàn. Bí èdè wa kò bá ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀, olùkọ́ tí ó ń fi ìwọ̀nba owó ilé-ìwé ra ẹ̀rọ lè ná an sórí ohun tí kò ní yí nǹkan kan padà. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nítorí náà, a ó kọ́kọ́ wo bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà ni a ó dá ọ̀rọ̀-ìperí lábàá.

2. Ẹ̀rọ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀

Ní apá ìparí ọdún 2007 ni ilé-iṣẹ́ Asus ti ilẹ̀ Taiwan gbé Eee PC 701 jáde. Ojú rẹ̀ kò ju ínṣì 7 lọ, owó rẹ̀ sì kéré sí ti kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ó wọ́pọ̀ nígbà náà. Ní ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ Intel ti Amẹ́ríkà gbé Atom N270 jáde fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọjà kò ti wọ́n kọ̀ǹpútà kékeré olówó pọ́ọ́kú.

Àpẹẹrẹ tí a ó máa lò ni kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ó ní Celeron N4020, tí Intel gbé jáde ní apá ìparí ọdún 2019. Wáàtì 6 péré ni a ṣe é fún. Ẹ jẹ́ kí á fi í wé Core i5-10400, tí ilé-iṣẹ́ kan náà ṣe fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì ní ọdún 2020: wáàtì 65 ni a ṣe ìyẹn fún. Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ kékeré náà mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi agbára du batiri tí yóò pẹ́, ara tí kò wúwo, àti owó tí kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò tilẹ̀ ní fáànù nínú.

3. Ìlù àti iṣẹ́ inú ìlù

Ẹ̀yà tí ó ń ṣe iṣẹ́ gan-an nínú kọ̀ǹpútà ni a ó pè ní aṣèṣirò. Àwọn kan ń pè é ní ọpọlọ, ṣùgbọ́n ọpọlọ ènìyàn a máa rántí nǹkan, a sì máa ronú. Ẹ̀yà yìí kì í ṣe méjèèjì. Ìṣirò àti ìfiwéra ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi aṣèṣirò wé aránṣọ tí ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì. Bí ẹsẹ̀ aránṣọ ti ń lọ ní ìwọ̀n kan náà, bẹ́ẹ̀ ni aṣèṣirò ń ṣiṣẹ́ tẹ̀lé ìlù kan tí ó ń dún láìdáwọ́ dúró. Ìlù ti N4020 jẹ́ 1.1 GHz nígbà tí ó bá ń rọra ṣe, èyí tí í ṣe bílíọ̀nù kan àti ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ìlù ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó lè gòkè dé 2.8 GHz fún ìgbà díẹ̀.

Níhìn-ín ni àṣìlóye àkọ́kọ́ ti ń wọlé. Ẹni tí ó rí 2.8 lára ẹ̀rọ kékeré, tí ó sì rí 2.9 tí í ṣe ìlù ìpìlẹ̀ Core i5-10400, lè rò pé ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ìlù kọ́ ni iṣẹ́. Bí aránṣọ méjì bá ń tẹ máṣíìnì ní ìwọ̀n kan náà, tí abẹ́rẹ́ ọ̀kan ń rán ìbú aṣọ tí ó pọ̀ ju ti èkejì lọ, aṣọ wọn kò ní parí papọ̀. Ọwọ́ iṣẹ́ méjì ni N4020 ní. Mẹ́fà ni ti èkejì, iṣẹ́ tí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì ń ṣe parí nínú ìlù kan tún pọ̀ jù. Atom N270 tí a dárúkọ ṣáájú jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó tún hàn ju èyí lọ. Bí a bá ti to àṣẹ fún un ni ó ń ṣe é; bí àṣẹ kan bá ń dúró de nǹkan, èyí tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò lè kọjá lára rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun gbogbo tí ó nílò ti wà nílẹ̀. Aṣèṣirò ńlá a máa mú èyí tí ó bá ṣe é ṣe ṣáájú.

Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí a máa lo ìye ìlù fún GHz, kí a má ṣe pè é ní ìyára. Iye àkókò tí odidi iṣẹ́ kan fi parí ni kí a fi ìyára sọ. Bí iṣẹ́ inú ìlù kọ̀ọ̀kan bá kéré, tí ọwọ́ iṣẹ́ kò sì pọ̀, ìlọ́ra gan-an nìyí.

4. Ooru àti ìdẹwọ́

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni kò jẹ́ kí ẹ̀rọ kékeré náà máa lu ìlù 2.8 GHz títí lọ. Ìdáhùn wà nínú òfin iná mànàmáná. Bí a bá fi fóltéèjì sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, tí a sì fi ìye ìlù sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀, agbára tí aṣèṣirò ń jẹ nídìí iṣẹ́ a máa gòkè bí èsì náà bá ti gòkè. Ní gbogbogbòò, ìlù kò sì ṣe é fi kún púpọ̀ láìfi kún fóltéèjì. Kí a sọ pé a fi ìdá 20 nínú 100 kún méjèèjì: 1.2 × 1.2 × 1.2 jẹ́ 1.728. Ìlù fi ìdá 20 pọ̀ sí i, agbára tí a ń jẹ sì fi nǹkan bí ìdá 73 pọ̀ sí i. Agbára yìí ni ó ń di ooru.

Ẹ̀rọ tí ó tín-ín-rín tí kò sì ní fáànù kò ní ibi tí yóò tètè tú ooru náà sí. Bí ooru bá dé ìwọ̀n tí a ti là sílẹ̀, tàbí tí agbára tí a fún un bá pin, aṣèṣirò fúnra rẹ̀ yóò dín ìlù rẹ̀ kù kí ó má baà jóná. Èyí ni a ó pè ní ìdẹwọ́. Àgbẹ̀ tí oòrùn pa a máa dẹwọ́; kì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ. Òun ni ó fà á tí ẹ̀rọ kan fi lè yá ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, tí ó sì fi di àgùnlá lẹ́yìn náà, pàápàá bí a bá gbé e lé orí ìrọ̀rí tàbí sínú oòrùn.

5. Ìrántí ojú-ẹsẹ̀ àti àká

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà memory ti dá wàhálà sílẹ̀ lọ́jà. Àwọn òǹtajà ń lò ó fún nǹkan méjì tí kò jọ ara wọn. Bí wọ́n bá ní ‘memory rẹ̀ jẹ́ 64’, ibi ìpamọ́ fáìlì ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ń pinnu iye iṣẹ́ tí a lè ṣe papọ̀ lára ẹ̀rọ kan náà lè má ju 4 lọ. Èdè Yorùbá kò ní ìdí láti jogún ìdàrúdàpọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ aránṣọ wa. Aṣọ tí ó ń rán lọ́wọ́ wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Èyí tí kò tí ì kàn wà nínú yàrá ẹ̀yìn. Tábìlì náà ni a ó pè ní ìrántí ojú-ẹsẹ̀: bí a bá pa ẹ̀rọ, gbogbo ohun tí ó wà lórí rẹ̀ parẹ́. Yàrá ẹ̀yìn ni a ó pè ní àká, nítorí pé ohun tí a kó sí àká a máa wà níbẹ̀ di ọjọ́ tí a bá fẹ́ ẹ. Àpò kékeré kan tún wà lára aránṣọ fúnra rẹ̀, níbi tí ó ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú sí; èyí ni àpò ìtòsí, tí kò ju 4 MB lọ nínú N4020.

Ọ̀nà jíjìn wà láàárín wọn. Láti mú nǹkan láti inú ìrántí ojú-ẹsẹ̀ ń gba nǹkan bí ìdá 100 nínú bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú-àáyá. Ní ìlù 1.1 GHz, ìlù bí 110 yóò ti lọ lásán kí nǹkan náà tó dé. Bí àká bá jẹ́ díìsìkì àtijọ́ tí ń yí ní ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan, ìdajì ìyípo nìkan ń gba ìdá 5.6 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 56,000 ti ìrántí ojú-ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré ń lo àká eMMC, tí kò ní ohun tí ń yí nínú. Ó sàn ju díìsìkì lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ kò lè gbà ju 400 MB lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò sì lè kà kí ó sì tún kọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí tábìlì bá kún? Aránṣọ yóò ká aṣọ kan padà sí yàrá ẹ̀yìn kí ó tó lè tẹ́ òmíràn; nígbà tí ó bá tún fẹ́ èyí àkọ́kọ́, yóò ká èkejì padà. Ìpààrọ̀ ni a ó pe èyí. Nígbà tí ìpààrọ̀ bá pọ̀, aṣèṣirò kò ṣiṣẹ́ púpọ̀ mọ́. Ó kàn ń dúró ni. Bẹ́ẹ̀ ni tábìlì náà kò tóbi tó bí a ti rò, nítorí pé ẹ̀yà tí ó ń ya àwòrán sójú ẹ̀rọ N4020 kò ní ìrántí tirẹ̀. Láti ara 4 GB kan náà ni ó ti ń bù.

6. Ìdúró

Ní ọdún 1967, Gene Amdahl, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, ṣe àlàyé kan tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pè di òní. Kókó rẹ̀ ni pé bí a bá mú apá kan iṣẹ́ yára, apá tí a kò fọwọ́ kàn ni yóò pinnu ibi tí èrè wa yóò mọ. Kí a sọ pé ṣíṣí ètò kan ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 60: 20 ni aṣèṣirò fi ṣiṣẹ́, 40 ni ó fi dúró de àká. Bí a bá ra aṣèṣirò tí ó yára ní ìlọ́po méjì, 60 yóò di 50. Bí ó bá jẹ́ àká ni a sọ di ìlọ́po méjì, 60 yóò di 40. Bí a bá tilẹ̀ rí aṣèṣirò tí kì í lo àkókò kankan rárá, 40 náà ṣì wà níbẹ̀.

A lè mọ èyí tí ó ń ṣe ẹ̀rọ wa. Nínú Windows, bí a bá tẹ Ctrl, Shift àti Esc papọ̀, àtẹ kan yóò ṣí tí ó ń fi hàn bí a ti ń lo aṣèṣirò, ìrántí ojú-ẹsẹ̀ àti àká. Bí aṣèṣirò bá wà ní 100 nígbà tí àká fara balẹ̀, ìlọ́ra ni. Bí ìrántí ojú-ẹsẹ̀ bá kún, tí àká wà ní 100, tí aṣèṣirò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe nǹkan kan, ìdúró ni. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ tí ìye ìlù sì ń já wálẹ̀, ìdẹwọ́ ni.

7. Ẹrù tí ó ń wúwo sí i

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ẹ̀rọ nìkan kọ́ ni ó sì jẹ̀bi. Ní ọdún 1995, Niklaus Wirth, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ọmọ ilẹ̀ Switzerland, kọ ọ́ pé ètò ń di alọ́ra kíákíá ju bí ẹ̀rọ ti ń di ayára lọ. Windows XP ti ọdún 2001 béèrè fún ìrántí ojú-ẹsẹ̀ 64 MB, ó kéré tán. Windows 7 ti ọdún 2009 béèrè fún 1 GB. Windows 11 ti ọdún 2021 béèrè fún 4 GB, èyí tí í ṣe ìlọ́po 64 ti àkọ́kọ́. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí a tà pẹ̀lú 4 GB ti wà ní ẹnu ààlà kí ẹni tí ó rà á tó ṣí ìwé kan ṣoṣo. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré, a sì ti jó ìrántí ojú-ẹsẹ̀ mọ́ pátákó inú rẹ̀, kò ṣe é fi kún mọ́.

8. Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ béèrè nígbà tí ó bá ń ra irú ẹ̀rọ yìí kò ju mẹ́rin lọ: èló ni ìrántí ojú-ẹsẹ̀, ṣé ó ṣe é fi kún, irú àká wo ni, báwo sì ni ooru ṣe ń jáde? Ìye ìlù ni ó yẹ kí ó béèrè gbẹ̀yìn. Fún ẹni tí ó ti ra tirẹ̀, dídín iye ètò tí a ń ṣí papọ̀ kù ń wo ìdúró. Ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ń wo ìdẹwọ́. Ìlọ́ra gan-an kò ní oògùn ju yíyan ètò tí ó fúyẹ́ lọ.

Àwọn ọ̀rọ̀-ìperí tí a dá lábàá nìyí, kí àwọn olùkọ́ àti ògbufọ̀ yẹ̀ wọ́n wò:

aṣèṣirò: ẹ̀yà tí ó ń ṣe ìṣirò àti ìfiwéra.
ìye ìlù: iye ìgbà tí ìlù aṣèṣirò ń dún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.
ìyára: bí odidi iṣẹ́ kan ti tètè parí sí.
ìlọ́ra: kíkéré iṣẹ́ tí aṣèṣirò lè ṣe nínú ìlù kọ̀ọ̀kan.
ìdẹwọ́: dídín ìlù kù nítorí ooru tàbí agbára.
ìdúró: àkókò tí aṣèṣirò fi ń retí ohun tí yóò fi ṣiṣẹ́.
ìrántí ojú-ẹsẹ̀: ibi iṣẹ́ tí ń ṣófo bí a bá pa ẹ̀rọ.
àká: ibi ìpamọ́ tí kì í ṣófo bí a bá pa ẹ̀rọ.
àpò ìtòsí: ìrántí kékeré tí ó wà nínú aṣèṣirò fúnra rẹ̀.
ìpààrọ̀: kíkó nǹkan lọ bọ̀ láàárín ìrántí ojú-ẹsẹ̀ àti àká.