Gbòǹgbò Eyín Tó Tún Ń Dunni: Ohun Tó Yẹ Kí A Bèèrè Kí A Tó Yáwó



Nígbà tí à ń yẹ ìwé ẹgbẹ́ kan wò, a rí ìwé tí ìyá aránṣọ kan fi tọrọ ẹ̀yáwó. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ sí gbòǹgbò eyín rẹ̀ kan rí. Lẹ́yìn ọdún méjì ó tún wú, ọyún sì ń jáde níbẹ̀. Dókítà ní kí ó yan ọ̀kan nínú méjì: kí wọ́n tún gbòǹgbò náà ṣe, tàbí kí wọ́n yọ eyín náà kí wọ́n sì gbin òmíràn. Ohun kan ṣoṣo ni ìgbìmọ̀ bèèrè: èwo ni owó rẹ̀ kéré?

Lójú tiwa, ìbéèrè mìíràn ló yẹ kó ṣáájú. Bí ẹgbẹ́ bá wọ gbèsè, a kì í tú u ká láì mọ ibi tí owó gbà jò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ eyín rí.

Àtúnṣe gbòǹgbò
Dókítà yóò la ẹran ìdí eyín, yóò ṣí egungun díẹ̀, yóò gé ṣóńṣó gbòǹgbò ní nǹkan bíi mìlímítà 3, yóò fọ ibẹ̀ mọ́, yóò sì dí i. Láti àwọn ọdún 1990 ni oríṣi sìmẹ́ǹtì eyín kan tí à ń pè ní MTA ti wà, èyí tí ó ń dí i dáadáa. Bí iṣẹ́ àkọ́kọ́ bá kùnà nítorí pé wọn kò dí i dáadáa, àtúnṣe lè gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrètí rẹ̀ kì í tó ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí gbòǹgbò bá ti sán ní gígùn, yíyọ ló kù.

Eyín gbígbìn
Ní 1965, Per-Ingvar Brånemark ará Swídìn fi irin titanium sínú egungun àgbọ̀n ènìyàn láti gbé eyín ró. Egungun a máa dì mọ́ irin yìí, ó sì sábà máa ń gba oṣù 3 sí 6. Ọ̀pọ̀ irú eyín bẹ́ẹ̀ ń lò ju ọdún 10 lọ. Kòkòrò kì í jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹran ìdí rẹ̀ lè wú, egungun sì lè jẹ kúrò lára rẹ̀. Ewu yìí pọ̀ fún ẹni tó ń mu sìgá, àti fún ẹni tí kò tọ́jú àtọ̀gbẹ rẹ̀.

Ẹ bi dókítà ní ìbéèrè mẹ́rin
1. Ṣé gbòǹgbò náà ti sán?
2. Kí ló ba iṣẹ́ àkọ́kọ́ jẹ́, ṣé ẹ sì lè tún un ṣe?
3. Bí a bá tún gé e, ṣé gbòǹgbò àti egungun tó kù yóò tó?
4. Èló ni gbogbo rẹ̀, títí eyín yóò fi jókòó sẹ́nu?

Ẹ rántí pé eyín tí a bá ti yọ kò ṣe é dá padà. Ẹ sì rántí pé àtúnṣe tí kò ní ìrètí a máa sọ gbèsè kan di méjì.

Ìyá aránṣọ náà padà lọ bèèrè. Dókítà tún fọ́tò yà, ó sì rí i pé gbòǹgbò náà ti sán. Ká ní ó ti gba owó àtúnṣe ni, òfò ni ìbá jẹ́, àwọn onídùúró rẹ̀ ìbá sì bá a jẹ nínú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ wá pín ẹ̀yáwó rẹ̀ sí méjì: ti yíyọ àti gbígbin irin, lẹ́yìn náà ti eyín tí wọn yóò fi lé e. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká èyí, eyín àtọwọ́dá tó ṣe é yọ kì í ṣe ìtìjú.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ mú ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Àbámọ̀ kì í ṣáájú ọ̀rọ̀.